Ìpè Láti Ìsàlẹ̀ Òkè

Ní Sátidé kan tó kọjá, ìjọ wa ní Tremont pe àwa àgbà jọ pé ká wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí a ṣe láyé. Dókítà sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì mẹ́ta sọ̀rọ̀, lọ́yà sọ̀rọ̀ títí a fi ń yán. Nígbà tó kàn mí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún mi, mo sì lo márùn-ún nínú rẹ̀ láti ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ mi jẹ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú bi mí pé kí ló ṣe àtẹ́lẹwọ́ mi tó fi kún fún àpá báyẹn. Mo ní wáyà ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí sílẹ̀, kí ẹ lè kà á níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní máa na aago sí mi.

Ọládípọ̀ lorúkọ mi. Níbi iṣẹ́, Maikí ni wọ́n ń pè mí, torí Máíkẹ́lì wà nínú ìwé mi, ó sì rọ̀ wọ́n lẹ́nu. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi di bírékì mú lórí rélùwéè kékeré kan tó ń gun òkè ní Bronx. Ẹ̀yin tí ẹ mọ apá ìwọ̀-oòrùn Bronx, ẹ mọ̀ pé òkè ibẹ̀ ga débi pé ọ̀nà mìíràn níbẹ̀ kì í ṣe títì rárá, àtẹ̀gùn ni. Òkè tiwa ní àtẹ̀gùn tó lé ní igba. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ni ojú irin wà, ọkọ̀ méjì sì wà lórí rẹ̀ tí wáyà kan ṣoṣo so pọ̀. Wáyà náà gba orí àgbá ńlá kan kọjá nínú ilé ẹ́ńjìnnì lókè. Bí ọkọ̀ kan bá ń gòkè, èkejì á máa sọ̀ kalẹ̀, bíi garawa méjì lórí kànga kan. Mi ò ní dárúkọ òkè náà. Àwọn tó nílé lórí rẹ̀ ló ni ọkọ̀ yẹn, wọn ò sì fún mi láṣẹ kí n máa gbé orúkọ wọn kiri.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nítòsí ibùdó sọ́bùwéè, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ ń san rẹ́ńtì. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Mista Kẹ́nẹ́tì ni wọ́n ń pè é, ará Guyana ni, ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ti lo ogún ọdún nílé ẹ́ńjìnnì yẹn kí n tó dé. Mo máa ń sọ pé ó fẹ́ràn bírékì náà ju ìyàwó rẹ̀ lọ, ìyàwó rẹ̀, Mama Dòrín, náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọdún kan gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan bírékì. Àkísà ló kó fún mi. Ní àràárọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, yóò máa fa wáyà náà díẹ̀díẹ̀, èmi yóò fi àkísà dì í mú kó máa gba inú ọwọ́ mi kọjá. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Wáyà ńlá yẹn, òwú irin tín-ín-rín púpọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀. Bí ọ̀kan bá já nínú wọn, ẹnu rẹ̀ á yọ síta bí ẹ̀gún, á sì fa àkísà. Ojú lè má rí i, àkísà á rí i. Àmọ́ àkísà a máa gbó, ẹ̀gún irin a sì máa wọ ara. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ìbọ̀wọ́. Ó ní ìbọ̀wọ́ á sọ ọwọ́ mi di adití. Bí mo bá délé, ìyàwó mi, Ṣadé, á fi omi gbígbóná jó ọwọ́ náà fún mi, á sì máa sọ pé ohun tí a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Mo ní kó gbé ọwọ́ tiẹ̀ wá kó wá jẹ nínú ìyà náà.

Lọ́dún kejì, ó ní kí n jókòó ti mọ́tò tó ń yí àgbá, kí n di ojú, kí n máa sọ iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ tó ń gòkè bọ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wúwo, ohùn mọ́tò á ki. Bó bá fúyẹ́, ohùn rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Á bi mí pé mélòó, màá ní márùn-ún, sà. Ilẹ̀kùn á ṣí, èèyàn mẹ́rin á jáde, ọ̀kan nínú wọn á sì máa ti kẹ̀kẹ́ ọmọ. Á wò mí, á mi orí. Nígbà tó fi máa pé ọdún kẹta, mo ti lè fi etí lásán mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣófo tàbí ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn fún mi.

Ó ku ti páìpù. Páìpù bàbà kan wà tó ti ilé ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó lọ títí dé yàrá kékeré kan nísàlẹ̀ òkè, níbi tí a ti máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ayé àwọn tó kọ́kọ́ la ojú irin náà ló ti wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ lókè ní ìdérí, fèrè sì wà lára ìdérí náà. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù, fèrè á dún lókè. Ìwọ á yọ ìdérí, ẹ ó sì bára yín sọ̀rọ̀.

Lórí páìpù yẹn ni Mista Kẹ́nẹ́tì ti le jù. Ó ní bí fèrè bá dún, kí n fi gbogbo ohun tí mo bá ń ṣe sílẹ̀, kí n yọ ìdérí, kí n sọ pé, "Mo wà níbí." Lójú ẹsẹ̀. Mo gbé oúnjẹ mì lọ́jọ́ kan kí n tó dáhùn, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi dá mi padà sídìí àkísà. Ó ní ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ò rí mi, kò mọ̀ bóyá mo sùn tàbí mo kú, ohùn mi nìkan ló lè fi mọ̀ pé bírékì wà lọ́wọ́ èèyàn. Gbólóhùn kan ló fi ń gún mi lára lójoojúmọ́:

"Dáhùn ná, kí o tó béèrè ẹni tó ń pè."

Ẹ wá wò ó. Ìyá tó bí mi ní Ìṣẹ́yìn, òdìkejì rẹ̀ ló kọ́ mi láti kékeré. Ó ní bí mo bá gbọ́ orúkọ mi tí mi ò rí ẹni tó pè mí, kí n má dáhùn. Kí n wo ọ̀tún, kí n wo òsì, bí mi ò bá rí èèyàn, kí n pa ẹnu mi dé kí n máa lọ. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan dáhùn irú ìpè bẹ́ẹ̀ lóko, wọ́n bá ọkọ́ rẹ̀ níbẹ̀, wọn ò bá òun. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí wọ́n bí síhìn-ín á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín bí wọn ò bá ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ọdún karùn-ún tí mo dé ibi iṣẹ́ náà ni ìyá mi kú. Ìwé mi ò tíì pé, bí mo bá jáde mi ò ní lè wọlé padà, torí náà wọ́n sin ín lẹ́yìn mi. Àbúrò mi gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ sàréè kí n lè gbọ́ orin. Mo sunkún bí ọmọdé nínú ilé ìdáná wa. Lọ́jọ́ kejì mo padà sídìí bírékì, torí kò sí ẹni tó máa bá mi dì í mú. Oṣù yẹn náà ló yẹ kí Mista Kẹ́nẹ́tì fẹ̀yìn tì. Ó ń lo ìyókù ìsinmi rẹ̀, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó wá fa kọ́kọ́rọ́ bírékì lé mi lọ́wọ́ níṣojú àwọn onílé.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú ìyá mi, kùrukùru bo òkè náà láti àárọ̀. Láti fèrèsé ilé ẹ́ńjìnnì, bí mo bá wo ìsàlẹ̀, ojú irin kàn wọ inú funfun lọ ni, kò sí nǹkan mìíràn. Èmi nìkan ni mo wà lókè. Hẹ́ktọ̀, ọmọ Puerto Rico tó jẹ́ kọ̀ndọ́kítọ̀, wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀, ó ń kó èrò. Mo rò pé ọ̀gá mi wà nílé rẹ̀.

Fèrè dún. Mo yọ ìdérí bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Kí n tó la ẹnu, ohùn kan jáde láti inú páìpù.

"Ọládípọ̀."

Ẹ gbọ́ o. Kò sí ẹnì kan níbi iṣẹ́ yẹn tó mọ orúkọ náà, ká má tíì sọ pé kó lè pè é. Ohùn yìí sì pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé gan-an, ó gbé e sókè níbi tó yẹ, ó gbé e sọ̀ níbi tó yẹ. Páìpù ti fa ohùn náà gùn, mi ò mọ̀ bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. Ó tún pè. Mo ní ìyá mi ni, ó ti bá mi dé ibí, ó fẹ́ mọ ìdí tí mi ò fi wá sin òun. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta. Mo dé ìdérí mọ́ ọn. Fèrè tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó dún pẹ́, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì bò ó mọ́lẹ̀ títí ó fi dákẹ́.

Lẹ́yìn náà agogo dún lẹ́ẹ̀mejì láti inú ọkọ̀. Hẹ́ktọ̀ ló lù ú, ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn ti tì, ká máa lọ. Mo tú bírékì.

Ọkọ̀ gòkè wá dáadáa. Èèyàn mẹ́rin sọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n kí mi, wọ́n bá tiwọn lọ, títí dòní wọn ò mọ nǹkan kan. Mo wá gbọ́ tí nǹkan gbá ilẹ̀kùn ilé ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo ṣí i, Mista Kẹ́nẹ́tì ló dúró níbẹ̀. Àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó fi ọwọ́ kejì di àyà rẹ̀ mú, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Àtẹ̀gùn tó lé ní igba yẹn ló sá gùn nínú kùrukùru, ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

"Ọládípọ̀," ló wí. "Mo pè ọ́." Ó mí, ó tún mí. "Má jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn sọ̀ kalẹ̀."

Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ sinmi. Kí ọkọ̀ aláìsàn tó dé, ó ti kú.

Nígbà tí wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n bá òwú irin mẹ́fà tó ti já níbi tí wáyà ti so mọ́ ọn. Ọ̀gá mi ti gbọ́ ohùn kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nígbà tó wọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, kò sì lè sùn. Ó dìde láàárọ̀, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ yàrá ìsàlẹ̀, ó fi àkísà wo wáyà náà, ó sì fọn fèrè pé kí n má ṣe gbéra. Nígbà tí ọkọ̀ lọ mọ́ ọn lójú, ó lé e. Hẹ́ktọ̀ ní òun gbọ́ ẹni tó ń pariwo nínú kùrukùru, òun rò pé ọ̀mùtí ni. Ọ̀rọ̀ Hẹ́ktọ̀ nìyẹn, ó sọ òótọ́. Àwọn tó wá wádìí bi èmi náà bóyá fèrè dún. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Bí mo ṣe purọ́ nìyẹn. Ó rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Nígbà ìsìnkú, Mama Dòrín di ọwọ́ mi mú. Ó ní ọkọ òun mọ̀ pé àyà òun ò lágbára, kí ló dé tó fi sá gun òkè? Kí ló dé tí kò fọn fèrè? Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà." Mo wo bàtà mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ṣadé bú sẹ́kún nílé, tó sì sọ ohun tí òun pẹ̀lú ọ̀gá mi fi pamọ́ fún mi. Ó ní ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Mista Kẹ́nẹ́tì ti ń yà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ìsinmi, bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, tí èmi sì wà níbi iṣẹ́. Á jókòó sílé ìdáná, Ṣadé á fún un ní mọ́ínmọ́ín, á sì máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi. Ó ní ó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n pè, àmọ́ kò jẹ́ kí òun gbà fún un bí kò bá tíì pé. Ọkùnrin náà sọ fún un pé kò dáa kí òun fa bírékì lé ẹni tí òun ò lè pe orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ló fẹ́ pè é níṣojú gbogbo èèyàn. Ṣadé ń sunkún pé kò dúró dé ọjọ́ náà. Mo jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa, mi ò wọlé títí ó fi sùn.

Wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá. Kùrukùru àkọ́kọ́ tó bọ́ lẹ́yìn ìyẹn, fèrè dún. Yàrá ìsàlẹ̀ wà ní títì pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà lápò mi. Mo jókòó, mò ń wo ìdérí yẹn. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Nígbà tí mo sọ fún Hẹ́ktọ̀, ó ní atẹ́gùn ni. Ó lè jẹ́ atẹ́gùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àárọ̀ kùrukùru kò ní atẹ́gùn, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Àṣà wa ni pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀, òfìfo la máa fi ń gbé e gòkè, ká fi dán wáyà wò. Hẹ́ktọ̀ á dúró tì mí lókè láti gbà á. Láàárọ̀ kùrukùru, bí òfìfo yẹn bá ń bọ̀, tí mo di ojú mi, ohùn mọ́tò kì í fẹ́lẹ́. Ẹnì kan wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ á dé, Hẹ́ktọ̀ á ṣí ilẹ̀kùn, kò ní sí èèyàn. Mi ò sọ fún un rí. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé láwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń di ilẹ̀kùn yẹn mú ní ṣíṣí díẹ̀, bí a ṣe ń ṣe fún àgbàlagbà tí kò tètè sọ̀, kó tó tì í. Ó máa ń fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú sí àyà. A ò bá ara wa sọ ọ́ títí tó fi fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Wọ́n gbé fóònù sí yàrá ìsàlẹ̀. Wọ́n fi kámẹ́rà síbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n pààrọ̀ mọ́tò, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tó ń kọ ìwọ̀n ẹrù síwájú mi, wọ́n ní kí n yé di ojú. Àkísà náà di ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń so mọ́ wáyà, kì í gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni, inú mi sì dùn sí ìyẹn. Àmọ́ a kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀ kí iyán ewùrà má lẹ́mọ́. Láàárọ̀ kùrukùru, kọ̀ǹpútà náà á kọ ìwọ̀n ènìyàn kan sí òfìfo ọkọ̀. Ẹnjiníà wá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mò ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Gbogbo ẹni tí mo kọ́níṣẹ́ ni mo kọ́ pé bí fèrè bá dún, kí wọ́n dáhùn ná kí wọ́n tó béèrè ẹni tó ń pè. Mo le mọ́ wọn lórí rẹ̀ ju ọ̀gá mi lọ. Kò dún fún ọ̀kan nínú wọn rí. Èmi nìkan ló ń dún fún, èmi sì ni mi ò dáhùn. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá sọ pé mo wà níbí, ohùn yẹn á bi mí níbi tí mo wà lọ́jọ́ náà. Lọ́dọọdún, bí Kérésì bá dé, èmi àti Ṣadé á gbé oúnjẹ lọ fún Mama Dòrín, ìyá náà á jẹun, á dúpẹ́, á sì tún bi mí pé kí ló dé tí ọkọ òun kò fọn fèrè. Màá ní mi ò mọ̀, mà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi sọ ọ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ń hú páìpù náà dànù. Wọ́n gé ẹnu rẹ̀, tòun ti ìdérí àti fèrè, wọ́n nù ún kó máa dán, wọ́n kàn án mọ́ pákó, wọ́n fín MAIKÍ sí i lára, wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo gbé e lọ sí Co-op City níbi tí à ń gbé báyìí, lórí àjà kẹtàdínlógún, mo gbé e sórí pẹpẹ nínú pálọ̀. Mo ní ó parí. Páìpù tí kò lọ síbì kankan, ta ló fẹ́ fi pè mí?

Lóṣù tó kọjá, kùrukùru bo ilé wa débi pé a ò rí ilé kejì. Mo jókòó, mò ń mu tíì. Fèrè dún lórí pẹpẹ.

Ṣadé jáde láti yàrá. Ó wo fèrèsé, gbogbo rẹ̀ ló wà ní títì. Ó wo pẹpẹ, ó wá wo èmi. "Bàbá Táíwò, ta ló ń pè yín? Kí ló dé tí ẹ ò dáhùn?"

Tẹ́lẹ̀ mo máa ń rò pé etí mi nìkan ni. Nígbà tí mo mọ̀ pé òun náà gbọ́ ọ, mi ò lè fi í pamọ́ mọ́. Mo sọ ohun gbogbo fún un, láti orí fèrè títí dé orí irọ́. Ó jókòó. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ̀gá yín ní orúkọ yẹn." Ó tún un sọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbé ẹ̀bi mi rù. Ó nu ojú, ó sì rán mi létí pé Mama Dòrín ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Guyana lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún sì ni, kò ní padà wá mọ́. Ó ní bí mi ò bá lọ sọ fún un, òun á lọ sọ ọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti rìn kọjá ogún.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ, mo gbé ẹnu páìpù náà sínú àpò. Àpótí ti kún pálọ̀ Mama Dòrín, wọ́n ti ká kọ́tìnnì. Mo gbé páìpù náà sórí tábìlì, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá náà ò rí irú rẹ̀ rí, ó rò pé mo ṣubú ni. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Mo ní ó fọn fèrè, mà. Mo ní ó pè mí, mo sì gbọ́ ọ, mi ò dáhùn. Mo sọ ti ìyá mi fún un, mo sọ ohun tí ìyá mi kọ́ mi. Mi ò fi bẹ̀bẹ̀, mo kàn fẹ́ kó mọ̀ ọ́n ni.

Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó ló pè ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà."

"Ṣé ó pè é re?"

"Ó pè é dáadáa, mà. Bí ìyá mi ṣe ń pè é gan-an ló pè é."

Ó mi orí. Ó ní nílé ìdáná òun ni ọkọ òun ti máa ń dán orúkọ náà wò ní àràárọ̀, tó ń dí òun létí. Ó nawọ́ sí ẹnu páìpù tó wà lórí tábìlì, ó gbé e wò bóyá ó wúwo, ó fi ìka tọ MAIKÍ tí wọ́n fín sí i lára. Lẹ́yìn náà ó gbá a mọ́ àyà, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ, ilẹ̀kùn sì padé mọ́ ọn lẹ́yìn.

Mo gbọ́ omi, mi ò gbọ́ omi mọ́. Ó pẹ́. Mo ní bóyá ó fẹ́ kí n máa lọ ni. Mo dìde, mo mú fìlà mi. Níta fèrèsé, kùrukùru ṣì wà nílẹ̀.

Fèrè dún lẹ́ẹ̀kan. Ohùn kan sì jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí mi ò lè rí, páìpù ti fà á gùn, mi ò mọ̀ bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin.

"Ọládípọ̀."

Mi ò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì.

"Mo wà níbí," ni mo wí.